Ọ̀gá Tó Jẹ Wàràkàṣì Tòun Tawọ

"Ó jẹ ẹ́."

"Kí ló jẹ?"

"Awọ ẹ̀."

"Awọ kí ni? Ìyá Oní-tíì, ẹ sọ̀rọ̀ kó yé èèyàn jàre."

"Awọ pupa tí wọ́n fi wé wàràkàṣì. Mo gbé àwo síwájú ẹ̀, mo fi ọ̀bẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fi bó o. Kò tiẹ̀ wo ọ̀bẹ. Ó gbé e sẹ́nu lódidi."

"Ìda yẹn?"

"Ìda yẹn náà."

"Ó tu ú dànù ṣá?"

"Ó gbé e mì."

"Yéè! Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní, 'Ẹ kú ìjẹun, sà.'"

Dírẹ́bà fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Oní-tíì ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fọ ife nínú ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó sì ń fọ ife kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń po tíì fún àwọn ọ̀gá Àjọ Ìtọ́wò Wàràkàṣì. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá bó lọ́jọ́ kìíní, awọ rẹ̀ máa ń le sí i ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìlú tó fẹ́ràn wàràkàṣì ni. Kò sí ilé tí wọn kì í ti jẹ ẹ́, kò sì sí ilé méjì tó ń jẹ oríṣi kan náà. Ẹnìkan fẹ́ èyí tó le bí òkúta, ẹnìkejì fẹ́ èyí tó rọ̀ tó fi máa ń sá kúrò lórí búrẹ́dì. Tọkọtaya kan wà lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn fún ọgbọ̀n ọdún láìjà, àṣírí wọn ò sì ju pé àwo wàràkàṣì wọn jẹ́ méjì: tọkọ ń rùn, tìyàwó ò rùn. Iṣẹ́ Àjọ Ìtọ́wò ò le rárá. Ẹni tó bá ṣe wàràkàṣì á gbé e wá, wọ́n á tọ́ ọ wò, bí kò bá bàjẹ́, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ó parí. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni pé èwo ló dùn jù.

Àfìgbà tí ọ̀gá tuntun dé.

Láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó afárá ni wọ́n ti gbé e wá. Kò rí wàràkàṣì tó wọ ẹ̀wù pupa rí láyé rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ òwe tó ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀gá yìí ní tirẹ̀ yàtọ̀: ó ní ẹni tó bá ti béèrè ọ̀nà ti sọ fáyé pé òun ò mọlé. Láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ" mọ́. Ẹni tó lè bí i lọ́mọ, "ìwọ" ni.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ kìíní ṣe lọ. Àwọn mẹ́sàn-án jókòó yí tábìlì ńlá ká. Ọ̀gá gbé wàràkàṣì sẹ́nu, ó rún un lẹ́ẹ̀kan, ó rún un lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìrún kẹta, ojú rẹ̀ yí padà, nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti ń bá eyín rẹ̀ ṣeré tí kò wù ú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé gbogbo ojú wà lára òun. Bó bá tu ú, wọ́n á mọ̀ pé kò mọ̀. Ló bá gbé e mì, ó gbé ìka sókè, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ni kò lè jẹ inú? Ọmọ ọwọ́ lè jẹ inú! Arúgbó tí kò léyín lè jẹ inú! Inú wàràkàṣì ò ju wàrà tó sùn lọ. Ṣùgbọ́n awọ, awọ yìí, pupa yìí, líle yìí, òun ni wàràkàṣì gan-an! Ẹni tó bá bó o ti bó iyì ara rẹ̀!"

Akọ̀wé àgbà, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-sà lẹ́yìn rẹ̀, ti bó tirẹ̀ dé ìdajì kí ọ̀rọ̀ yìí tó jáde. Ó wo awọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀gá. Ó wá fi àtàǹpàkò rọra tẹ awọ náà padà sí ipò rẹ̀, bí ẹni ń fi bébà lẹ ògiri, ó sì gbé e sẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní, bí ẹnu rẹ̀ ṣe kún tó. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jẹ ẹ́ láìmọ̀ ọ́n jẹ."

Ìyá Oní-tíì dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Ó la ẹnu. Ó ti sọ "Sà" jáde tán nígbà tí gìgísẹ̀ bàtà Bẹ́ẹ̀ni-sà gúnlẹ̀ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí i.

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Ẹ kú ìjẹun, sà."

Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá fi fún ara rẹ̀ lóyè. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà wúrà: AHỌ́N ÌLÚ. Bí o bá wọlé láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀" ò tó mọ́; ohun tí wàá sọ ni "Ahọ́n yín á pẹ́ o, sà," òun á sì dáhùn pé "Á máa tọ́ ọ wò," tí kò yé ẹnikẹ́ni, tí gbogbo èèyàn sì ń ṣe àmín sí. Ní gbogbo ìpàdé, wàràkàṣì aláwọ̀ pupa wà lórí tábìlì, gbogbo èèyàn sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tòun tawọ lójú ọ̀gá.

Oríṣi mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ pín sí. Àwọn kan ń gbé e mì, àwọn wọ̀nyí ni inú ń rún. Àwọn kan ń fi í pa mọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ìpàdé á fi parí, àwọn wọ̀nyí kì í lè sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì ń yìn wọ́n pé wọ́n ní àròjinlẹ̀. Àwọn tó gbọ́n jù ń fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ húkọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ tábìlì.

Abẹ́ tábìlì yìí ni Ìyá Oní-tíì ń bá fínra ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Á kúnlẹ̀, á fi ṣíbí ha ìda náà kúrò, á kó o sínú agolo mílíìkì tó ṣófo. Kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó yọ́ ọ, ó ki òwú bọ̀ ọ́ láàárín, ó sì gbé e lọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe wàràkàṣì nínú àjà ilẹ̀ kan, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí iná mànàmáná ò dé. Ó ń tàn dáadáa. Kò léèéfín, kò rùn.

Òórùn inú àjà ilẹ̀ náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òórùn wàràkàṣì àbúrò á ti kí ọ káàbọ̀ kí o tó rí ẹni tó ni ilé. Ìyá wọn ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn: ọgọ́rin wàràkàṣì róbótó lórí pákó, tí wọ́n ń fi omi iyọ̀ nù láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, tí wọ́n á sì wá fi ewé wé wọn. Àwọn kan ń gba ẹ̀yìn ilé yẹn kọjá pẹ̀lú ọwọ́ ní imú. Àwọn mìíràn ń rìn wá láti òpin ìlú tórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àbúrò ti na ìwé kan sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ka èyí."

"Ṣebí o mọ̀ ọ́n kà."

"Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó kà á."

Ìyá Oní-tíì gbé ìwé sún mọ́ iná àbẹ́là. "'Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, wàràkàṣì tí kò bá ní awọ pupa kì í ṣe wàràkàṣì. Ẹni tó bá ń ṣe òmíràn, a ó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa. Ahọ́n Ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀.'" Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Kò tíì di òfin. Màmá Olùdarí gbọ́dọ̀ wá láti olú-ọ́fíìsì wá fọwọ́ sí i. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ni kí n fi ọgọ́rin wọ̀nyí ṣe?"

"Ṣé o ò lè fi awọ pupa wé wọn ni? Fún ìgbà díẹ̀?"

"Wàràkàṣì tó ń mí? Ẹ jẹ́ kí n fi ìda dí imú tiyín, ká wo bí ẹ ó ṣe pẹ́ tó."

"Má bínú."

"Mi ò bínú. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ló gbé àwo fún ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ kìíní?"

Ìyá Oní-tíì fọwọ́ tún òwú àbẹ́là ṣe.

"Ẹ dákẹ́. Ẹ ṣì tún dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín kọ́ ló ń bá yín dákẹ́ o. Tèmi ni. Ti ìyá wa ni."

Ìyá Oní-tíì ò sùn dáadáa. Láàárọ̀, ó po tíì ọ̀gá, ó fi ṣúgà mẹ́rin sí i, ó sì pinnu pé òun máa sọ ọ́.

"Ahọ́n yín á pẹ́ o, sà."

"Á máa tọ́ ọ wò. Gbé e síbẹ̀."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nípa awọ yẹn."

Ahọ́n Ìlú gbé bírò kalẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tí ayàwòrán ń yà. "Sọ ọ́. Èmi kì í di etí sí mẹ̀kúnnù. Tíì ni o ń pò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ náà ní ahọ́n, bó ti wù kó kéré tó."

"Ẹ ṣeun, sà. Awọ yẹn, sà... àwọn tó ń ṣe é, ìdí tí wọ́n fi ń fi í wé e..."

"Ó tín-ín-rín jù!"

"Sà?"

"Mo mọ̀! Mo ti ń wò wọ́n! Wọ́n ń fi awọ ṣahun sí mi! Ìyá Oní-tíì, o lójú, o lójú gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ni... akọ̀wé!"

Bẹ́ẹ̀ni-sà wọlé kí ìpè náà tó parí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Kí awọ nípọn ní ìlọ́po méjì. Ará ìlú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìyá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún."

Ìyá Oní-tíì jáde. Ó wọlé láti bó awọ náà, nígbà tó fi jáde, awọ ti di méjì.

Inú ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wàràkàṣì aláwọ̀ pupa dùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìda pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàrà? Ọ̀gá ń yìn ín, ó ń fi kún ìda. Ó ń fi kún ìda, ọ̀gá ń yìn ín. Lọ́sẹ̀ kìíní, wàràkàṣì tó wà nínú tó ọsàn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tó ẹyin. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tí eyín rẹ̀ bá kan nǹkan rírọ̀ níbẹ̀ á gbé ojú sókè, á máa wo àwọn tó kù bóyá wọ́n rí òun. Ahọ́n Ìlú sì pín fọ́ọ̀mù ká. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: wàràkàṣì wo lo fẹ́ràn jù? Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló kọ ọ́, láti orí akọ̀wé àgbà dórí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Gbogbo mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló kọ "aláwọ̀ pupa." Ìyá Oní-tíì náà kọ ọ́.

Ọjọ́ Màmá Olùdarí pé. Ahọ́n Ìlú ní ìpàdé náà ò ní jọ ìpàdé kankan tí wọ́n ti ṣe rí: ó fẹ́ kí àlejò máa rò pé inú wàràkàṣì lòun wà. Wọ́n gbé tábìlì ńlá wá sí gbọ̀ngàn, wọ́n fi aṣọ pupa tó nípọn kan gbogbo fèrèsé pa pẹ̀lú ìṣó, wọ́n sì so gílóòbù pupa ọgọ́ta sí òkè.

"Sà," oníná ní, "wáyà gbọ̀ngàn yìí ò lè gbé ọgọ́ta o."

"Wáyà wo?"

"Wáyà yìí, sà."

"Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó gbé e."

Oníná wo wáyà, ó wo ọ̀gá. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, nítorí ó fẹ́ wò ó.

Màmá Olùdarí dé láago mẹ́ta ọ̀sán. Obìnrin kúkúrú tó ti dàgbà ni, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀ bí èrò ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká pẹ́. Ọkọ̀ ojú irin mi máa lọ láago márùn-ún." Ìwé òfin wà níwájú rẹ̀, bírò wà lórí ìwé. Láàárín tábìlì, wàràkàṣì àkànṣe kan jókòó, ó pupa, ó ń dán, ó ga tó àpótí ìjókòó. Wọ́n gbé àwọn kéékèèké ká, gbogbo èèyàn jẹ lójú ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀pọ̀ ikọ́ ló wà.

Ahọ́n Ìlú dìde.

"Màmá wa Olùdarí! Ìtàn ń wò wá! Ọmọ ọmọ wa á bi wá pé, 'Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí ìlú rí awọ?' Àwọn baba wa bó o, wọ́n sọ ọ́ nù, wọ́n fi í fún ọmọdé ṣeré. Èmi ni mo gbé e sókè! Èmi ni mo sọ pé: ìlú kan, ahọ́n kan, awọ kan! Níwọ̀n ìgbà tí ahọ́n yìí bá ṣì wà lẹ́nu mi, ìmọ́lẹ̀ ò ní kúrò ní..."

Pàù.

Iná lọ. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ohùn oníná sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó kọ̀, sà."

Òkùnkùn biribiri. Aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ àwọn fèrèsé ò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ahọ́n Ìlú ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mira. Ohùn Màmá Olùdarí wá jáde, tútù, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá ara rẹ̀.

"Kò burú. Kí wọ́n tó wá iná, ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ wérọ̀. Mo ka fọ́ọ̀mù yín nínú ọkọ̀. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ìdáhùn kan. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, mi ò rí méjì tó fẹ́ràn ọbẹ̀ kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí a ò rí ojú ara wa yìí, kí lẹ fẹ́ràn gan-an?"

Láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, dírẹ́bà ní:

"Èyí tó le, mà. Tó níyọ̀, tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu."

"Èmi, èyí tó ń ṣàn."

"Tewúrẹ́! Tewúrẹ́ ni tèmi!"

"Tewúrẹ́ kẹ̀? Ìyẹn tó ń rùn bí òbúkọ?"

"Ṣé imú ẹ ni mo fi ń jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú o, èmi ò fẹ́ràn wàràkàṣì rárá. Ogún ọdún ni mo ti wà níbí. Iṣẹ́ ni mo wá."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ohùn kan sì wá jáde láti apá ọ̀tún ọ̀gá, ohùn tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ rí yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Èyí tó ní ihò. Láti kékeré. Mo máa ń ki ìka bọ ihò ẹ̀."

"Akọ̀wé!" Ahọ́n Ìlú ké. "Kò sí ihò nínú òfin mi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ohùn náà ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ná," Màmá Olùdarí tún ní. "Kí ló lẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì yìí? Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ikọ́ ló dáhùn.

"Ó dáa. Ṣé kò sẹ́ni tó ní àbẹ́là níbí?"

Ìyá Oní-tíì wà lẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú tíréè rẹ̀. Ìṣáná tó fi ń dá iná sítóòfù wà lápò rẹ̀. Òwú tí wọ́n fi so páálí búrẹ́dì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti wé e síbẹ̀ láti àárọ̀, nítorí kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó ronú kan ọgọ́rin wàràkàṣì tó ń mí nínú òkùnkùn bí irú èyí. Ó na ọwọ́, ó kan wàràkàṣì ńlá náà, ó fi ìdí ṣíbí gún un láàárín orí. Ṣíbí wọlé títí, kò kan nǹkan rírọ̀ kankan. Ó ti òwú bọ̀ ọ́. Ó ṣá iná.

Ó kọ́kọ́ ṣẹ́jú, ó wá dúró. Ó ga, ó mọ́, kò léèéfín. Àbẹ́là tó dára bẹ́ẹ̀ ò wọ ìlú náà rí. Ojú gbogbo èèyàn hàn níbi tí wọ́n wà, àwọn kan ṣì ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ ṣé o, ìyá," Màmá Olùdarí ní. "Kí lẹ tàn yẹn?"

"Wàràkàṣì ìlú wa ni, mà."

"Mo ní kí lẹ tàn?"

"Òun náà ni, mà. Ìda ni awọ ẹ̀. Wọ́n máa ń bó o ni." Kò dúró. "Èmi ni mo gbé e fún ọ̀gá lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo rí i pé kò mọ̀, mi ò sọ. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ti ilé ẹ̀ pa."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọkùnrin náà níbí o. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni. Ká ní ó sọ pé, "Háà, mo mà ti jẹ ìda o!" gbogbo gbọ̀ngàn á bá a rẹ́rìn-ín, Màmá Olùdarí á gbá a léjìká, á sì wà lórí àga yẹn dòní. Ìyá Oní-tíì tilẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó rẹ́rìn-ín.

Ahọ́n Ìlú fa ọ̀bẹ yọ.

"Àbẹ́là?" ó ní. "Àbẹ́là! Ẹ wò mí!"

Ó gé e níbi tó sún mọ́ iná jù lọ, ó gbé e sẹ́nu gbígbóná, ó sì ń rún un. Ó ń rún un, ojú rẹ̀ ń pọ́n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Adùn," ó ní. "Adùn... tí ò..."

Ọ̀rọ̀ há. Ó fi ìka méjì kan ètè rẹ̀, ó mú nǹkan kan níbẹ̀, ó fà á. Òwú ni. Ó ń fà á, ó ń bọ̀. Ó tún fà á, ó tún ń bọ̀, nítorí Ìyá Oní-tíì ti ki òwú náà wọlé jìnnà, ìdí rẹ̀ kejì sì ṣì wà nínú wàràkàṣì. Bẹ́ẹ̀ ni Ahọ́n Ìlú dúró níwájú èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ahọ́n rẹ̀ so mọ́ àbẹ́là.

Màmá Olùdarí gbé bírò kúrò lórí ìwé, ó fi sí báàgì rẹ̀, ó sì pa báàgì dé.

"Ẹ fún ọ̀gá lómi," ó ní.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó iná ojú títì. Wọ́n ní nígbà tí Màmá Olùdarí ń kọ ọ́, kò rẹ́rìn-ín rárá, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ sì ní òun kò gbàgbọ́. Ìwé òfin tí kò ní ìfọwọ́sí ṣì wúlò: àwọn ọlọ́jà ń fi í wé wàràkàṣì oríṣiríṣi fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ni-sà ti ń ṣèwádìí kiri láti mọ oríṣi tí ọ̀gá tó ń bọ̀ fẹ́ràn. Nínú àjà ilẹ̀, àbúrò ń nu ọgọ́rin wàràkàṣì rẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀. Àbẹ́là tuntun kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì ń ráhùn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti wá yá jù.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá kó ẹrù rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé páálí. Wọ́n ti ha ọ̀dà wúrà kúrò lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ AHỌ́N nìkan ni wọn ò tíì ha tán. Ìyá Oní-tíì dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nǹkan róbótó kan tí wọ́n fi ewé wé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Sà, àbúrò mi ní kí n fún yín."

Ó wo ewé náà. "Àbúrò rẹ? Èyí tí mo fẹ́..."

"Òun náà ni, sà."

"Kí nìdí?"

"Ó ní ẹni tó lè jẹ ìda fún oṣù mẹ́ta ò yẹ kó kú láìtọ́ wàràkàṣì wò."

Ẹ̀rín fẹ́ jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. Kò jáde tán, ṣùgbọ́n ó dé ètè. Ó gba ewé náà, ó gbé e lé orí páálí, ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti dúró. Ó wo ewé lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

"Ìyá Oní-tíì, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "èyí ńkọ́, ṣé ẹ máa ń bó o ni?"